Láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ ń lọ́ra, dísìkì rẹ̀ ò kúrò ní 100%: ṣé ká fọ́máàtì rẹ̀ ni, àbí ká pààrọ̀ nǹkan kan?

Ará_Òkèṣà (Adó-Ekìtì)

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá. Láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ kan ló wà nílẹ̀ yìí. Ohun tó wà nínú rẹ̀: Core i5-6200U, RAM 4GB, háádì dísìkì 500GB, Windows 10. Bí a bá tàn án, èèyàn á gún iyán tán kó tó ṣeé lò. Nínú Task Manager, ibi tí wọ́n kọ Disk sí kì í kúrò ní 100%, bẹ́ẹ̀ CPU ò ju 15% lọ.

Aago rẹ̀ tún máa ń padà sí ọdún 2016 bí wọ́n bá ti yọ ṣájà. Bí wọ́n bá mú iná, ó ń kú lójú ẹsẹ̀, bátìrì ò gbé e rárá.

Ẹni tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ládùúgbò ní ká fọ́máàtì rẹ̀, ká fi Windows 11 sí i, pé gbogbo rẹ̀ á tán. Word, Excel, ìbéèrè ìdánwò àwọn ọmọ iléèwé àti búráúsà la ń fi ṣe. Fáìlì ọdún mẹ́ta wà lórí rẹ̀ tí kò sí níbòmíràn. Kí la ó kọ́kọ́ ṣe?

Ọ̀gá_Sukudiráfà (Ìkẹ́rẹ́)

Ẹ má fọ́máàtì nǹkan kan o. Fáìlì tí kò ní ẹ̀dà níbòmíràn lẹ ń sọ yẹn.

Ohun tí Task Manager ń sọ fún yín ni pé CPU ń jókòó, dísìkì ni gbogbo nǹkan ń dúró dè. Háádì dísìkì aláwo, irú èyí tó wọ́pọ̀ nínú láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀, máa ń yí ìgbà 5,400 ní ìṣẹ́jú kan. Bó bá jẹ́ fáìlì ńlá kan ṣoṣo ló ń kà, ó lè ka nǹkan bí 100MB ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ṣùgbọ́n nígbà tí Windows bá ń jí, fáìlì kéékèèké tó fọ́n káàkiri ló ń ṣà jọ. Abẹ́rẹ́ tó ń kàwé lórí àwo á máa sáré síwá sẹ́yìn, ohun tó máa rí kà lè má tó 1MB ní ìṣẹ́jú àáyá. RAM 4GB ò sì gba Windows 10 àti búráúsà pọ̀. Ohun tí kò bá gbà, Windows á lọ dà á sórí dísìkì kan náà yẹn.

Ó lè jẹ́ pé iṣẹ́ ló pọ̀ jù fún dísìkì. Ó sì lè jẹ́ pé dísìkì ọ̀hún ti ń kú. Ẹ gbọ́dọ̀ mọ èwo ni kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun.

Nínú Task Manager, ẹ tẹ Performance, ẹ tẹ Disk 0, ẹ wo Average response time. Bó bá wà láàárín 10 sí 50ms, iṣẹ́ ló pọ̀ fún un. Bó bá ń fò lọ sí 1,000ms àti jù bẹ́ẹ̀ nígbà tí ohun tó ń kà ò tó 2MB/s, ẹ ti ní láti fura.

Lẹ́yìn náà, ẹ gba CrystalDiskInfo sílẹ̀, ètò tó ń yẹ ìlera dísìkì wò, ọ̀fẹ́ ni. Ìlà mẹ́ta lẹ ó wò: 05 Reallocated Sectors Count, C5 Current Pending Sector Count, àti C6 Uncorrectable Sector Count. Iye tó wà lábẹ́ Raw Values ni kẹ́ ẹ wò, òdo ló yẹ kí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jẹ́. Ẹ kíyè sí i pé hexadecimal, òǹkà oní-16, ni ètò náà fi ń kọ iye wọ̀nyí. Ẹ lọ sí Function, Advanced Feature, Raw Values, kẹ́ ẹ mú èyí tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 10, kẹ́ ẹ tó ka ohun tẹ́ ẹ rí fún wa.

Akẹ́kọ̀ọ́_Ọ̀yẹ́

Ẹ̀gbọ́n, ṣé chkdsk C: /f /r, àṣẹ Windows tó ń yẹ dísìkì wò, ò lè yanjú rẹ̀? Òun ni gbogbo ayé máa ń ní ká tẹ̀. Wọ́n tún máa ń ní ká pa SysMain, ètò Windows tó ń kó ohun tá a sábà ń lò sínú RAM ṣáájú, ká sì fi ètò tó ń gbá kọ̀ǹpútà mọ́ sí i.

Ọ̀gá_Sukudiráfà (Ìkẹ́rẹ́)

Àbúrò, /f ń tún àkọsílẹ̀ fáìlì ṣe. /r ní tirẹ̀ ń ka gbogbo ojú dísìkì láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, ó ń wá ibi tó ti bàjẹ́. Lórí dísìkì 500GB tó ń ṣàìsàn, ó lè ṣe é mọ́jú, wákàtí wọ̀nyẹn gan-an ló sì lè pa á. Èyí tó tún burú ni pé chkdsk ń tún ètò fáìlì ṣe ni, kò bìkítà fún ohun tó wà nínú fáìlì yín. Ó lè gé fáìlì sọ nù, kó sì ní òun ti ṣàtúnṣe. Kíkó fáìlì kúrò ló ṣáájú, chkdsk ń bọ̀ lẹ́yìn.

SysMain: ẹ lè pa á láti services.msc, lórí dísìkì aláwo ó lè dín ariwo kù díẹ̀. Kò wo àìsàn. Àwọn ètò agbálẹ̀ yẹn, ẹ fi wọ́n sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn á fi ara wọn sínú ohun tó ń jí pẹ̀lú Windows, wọ́n á wá di ẹrù kún ẹrù. Ẹ lọ sí Startup nínú Task Manager, kẹ́ ẹ pa ohun tẹ́ ò nílò níbẹ̀.

Iná_Ò_Dúró (Ìkọ̀lé)

Ẹ jẹ́ n dá sí ti aago àti iná, nítorí òun náà ò kéré.

Aago tó ń padà sẹ́yìn, bátìrì kékeré orí mọ́ńbọ́ọ̀dù ló ti kú. CR2032 ni, roboto, 3V. Nínú kọ̀ǹpútà orí tábìlì, inú ihò rẹ̀ ló jókòó sí, èékánná lè yọ ọ́. Nínú láptọ́ọ̀pù, wọ́n sábà máa ń fi rọ́bà dì í, wáyà méjì, pupa àti dúdú, á jáde lára rẹ̀ lọ sínú ihò kékeré kan. Irú èyí tó ti ní wáyà lára ni kẹ́ ẹ rà, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi irin ìjó jó wáyà mọ́ CR2032 lásán, ooru ń ba inú rẹ̀ jẹ́. Bẹ́ ẹ bá ní mítà, èyí tó bá ti wá sísàlẹ̀ 2.7V ò dáa mọ́. Àwọn láptọ́ọ̀pù mìíràn ò ní bátìrì kékeré yìí rárá, bátìrì ńlá ni wọ́n ń gbára lé fún aago.

Ìdí tí kò fi yẹ kẹ́ ẹ fojú kéré rẹ̀ rèé: bí ọjọ́ bá ti padà sí 2016, ìwé ẹ̀rí ààbò àwọn ojúewé á dà bí ohun tí ọjọ́ rẹ̀ kò tíì pé. Búráúsà á kọ NET::ERR_CERT_DATE_INVALID, Windows Update náà lè kọ̀ jálẹ̀. Ẹlòmíràn á máa bú nẹ́tíwọ́ọ̀kì, á tún dátà rà, bẹ́ẹ̀ aago ni.

Lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá pààrọ̀ rẹ̀, ẹ wọ BIOS, ètò tó ń jí kọ̀ǹpútà kí Windows tó dé, ẹ tún ọjọ́ ṣe, kẹ́ ẹ sì wo SATA mode, ọ̀nà tí kọ̀ǹpútà ń gbà bá dísìkì sọ̀rọ̀. Bó bá ti wà ní AHCI tẹ́lẹ̀ tí BIOS wá dá a padà sí RAID tàbí IDE, Windows ò ní jí, INACCESSIBLE BOOT DEVICE lẹ ó rí. Ẹ kàn dá a padà sí AHCI.

Ní ti iná: láptọ́ọ̀pù tí bátìrì rẹ̀ ti kú, tó wá ń kú lójijì ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá mú iná, ó ń ba dísìkì jẹ́. Ohun tó wà lẹ́nu kíkọ lọ́wọ́ á já sílẹ̀ láàbọ̀. Stabilizer ò lè gba èyí là, nítorí kì í tọ́jú iná pamọ́, ó kàn ń tún agbára iná tó wọlé ṣe ni. UPS ló ń tọ́jú iná. Ẹni tó bá ń lo kọ̀ǹpútà orí tábìlì, UPS 650VA á fún un ní ìṣẹ́jú díẹ̀ láti tọ́jú iṣẹ́ rẹ̀ kó sì pa á. Kì í ṣe kẹ́ ẹ jókòó máa wo fíìmù lórí rẹ̀. Ẹ má ki ìtẹ̀wé lésà bọ̀ ọ́ o, iná tí ń fà bó bá ń gbóná ju agbára irú UPS bẹ́ẹ̀ lọ. Bátìrì 12V 7Ah inú UPS náà ń gbó, bí ọdún méjì sí mẹ́ta lẹ ó ti pààrọ̀ rẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń lo jẹnẹrétọ̀ kékeré: ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ náà dúró dáadáa kẹ́ ẹ tó ki ṣájà bọ̀ ọ́, ẹ sì yọ ṣájà kẹ́ ẹ tó pa á. Nígbà òjò, bí àrá bá ti ń sán, ẹ yọ ohun gbogbo kúrò lára ògiri, àti wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó ń bọ̀ láti òkè ilé. Ọ̀pọ̀ èèyàn ń yọ ti iná, wọ́n ń gbàgbé ti nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ibẹ̀ sì ni àrá ń gbà wọlé.

Ará_Òkèṣà (Adó-Ekìtì)

Ẹ ṣeun gan-an. Ohun tí CrystalDiskInfo sọ rèé: Caution, àwọ̀ yẹ́lò. 05 jẹ́ 112, C5 jẹ́ 56, C6 jẹ́ 56. Average response time ń lọ sí 2,400ms nígbà mìíràn. Kò dún kọ́kọ́kọ́.

Ọ̀gá_Sukudiráfà (Ìkẹ́rẹ́)

Ó ti ń kú nìyẹn. 112 yẹn ni ibi tó ti bàjẹ́ tí dísìkì ti fi ààyè mìíràn rọ́pò. 56 ni ibi tó kùnà láti kà tí kò tíì mọ ohun tó máa fi wọ́n ṣe. Ẹ pa á báyìí, ẹ má jẹ́ kí Windows tún jí lórí rẹ̀, nítorí gbogbo ìgbà tí Windows bá jí ló ń kọ nǹkan sí i.

Kò dún kọ́kọ́kọ́, ìyẹn dáa. Ẹni tí tirẹ̀ bá ń dún bẹ́ẹ̀, kó pa á pátá, kó gbé e lọ fún àwọn tó ń yọ fáìlì nínú dísìkì. Ẹ má gbé dísìkì sínú fírísà o, omi ló máa rìn sórí àwo.

Ìyá_Linux (Ìjerò)

Ẹ jẹ́ ká kó fáìlì kúrò ní ṣísẹ̀-ń-tẹ̀lé. Kọ̀ǹpútà mìíràn lẹ ó fi ṣe ìpèsè yìí.

Ẹ gba Linux Mint sílẹ̀, ètò ọ̀fẹ́ tó lè ṣiṣẹ́ dípò Windows, nǹkan bí 3GB ni. Ẹ fi Rufus, ètò kékeré tó ń sọ fúláàṣì di ohun tí kọ̀ǹpútà lè jí láti orí rẹ̀, kọ ọ́ sórí fúláàṣì 8GB. Ẹ ki fúláàṣì náà bọ láptọ́ọ̀pù, ẹ tàn án, kẹ́ ẹ máa tẹ F9 bó bá jẹ́ HP, F12 bó bá jẹ́ Dell tàbí Lenovo, títí tó fi máa bi yín ibi tẹ́ ẹ fẹ́ kó ti jí. Mint á jí láti orí fúláàṣì, kò ní fọwọ́ kan dísìkì. Ẹ má tẹ Install.

Àwọn ibi tí wàhálà ti máa ń wá nìyí. Windows 10 ní ohun tí wọ́n ń pè ní Fast Startup: bẹ́ ẹ bá ní Shut down, kò kú tán, ó sùn ni. Mint á wá ní kíkà nìkan lòun lè ka dísìkì náà, òun ò lè kọ nǹkan sí i. Kíkà náà la fẹ́, nítorí náà ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Bó bá sì ní BitLocker lórí, ìyẹn ètò Windows tó ń ti dísìkì pa, Mint á béèrè kọ́kọ́rọ́, òǹkà 48 ni, inú àkáǹtì Microsoft tí wọ́n fi ṣí kọ̀ǹpútà náà lẹ ó ti rí i.

Ẹ ki dísìkì ìta bọ̀ ọ́, ẹ kó Documents, Desktop àti Pictures láti inú Users kọ́kọ́. Ìbéèrè ìdánwò ni kó ṣáájú, orin àti fíìmù kó gbẹ̀yìn. Fódà kan lẹ́ẹ̀kan. Bó bá dúró sójú fáìlì kan tí kò lọ mọ́, ẹ fo fáìlì yẹn, ẹ máa bá òmíràn lọ.

Bí èyí tó dúró bá pọ̀, ddrescue ló kù, ètò tó ń da gbogbo dísìkì kọ sínú fáìlì kan:

sudo apt install gddrescue
sudo ddrescue -n /dev/sdX /ọ̀nà/disk.img /ọ̀nà/disk.map
sudo ddrescue -d -r3 /dev/sdX /ọ̀nà/disk.img /ọ̀nà/disk.map

Ẹ fi orúkọ dísìkì tó ń ṣàìsàn rọ́pò sdX, lsblk á fi hàn yín; ẹ fi ibi tí dísìkì ìta wà rọ́pò /ọ̀nà. Ẹ wo bí dísìkì ṣe tóbi tó, kẹ́ ẹ má lọ fi orúkọ kan pe èkejì. Ìlà ddrescue àkọ́kọ́ ń kó ohun tó rọrùn kà, ìkejì ń padà sí ibi tó le ní ẹ̀ẹ̀mẹta. Fáìlì .map ló jẹ́ kẹ́ ẹ lè dá a dúró bí wọ́n bá mú iná, kẹ́ ẹ tún bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó dé. Dísìkì ìta tẹ́ ẹ ń kó o sí gbọ́dọ̀ ní ààyè tó ju 500GB lọ, kò sì gbọ́dọ̀ jẹ́ FAT32, nítorí FAT32 ò gba fáìlì tó tó 4GB.

Ọlọ́jà_Tòkunbọ̀ (Adó-Ekìtì)

Ti SSD, dísìkì tí kò ní àwo tó ń yí, tẹ́ ẹ ó fi rọ́pò èyí tó ń kú: láptọ́ọ̀pù irú yẹn, 2.5 ínṣì SATA ló máa ń gbà. 7mm ni SSD ń nípọn. Bí dísìkì àtijọ́ bá jẹ́ 9.5mm, SSD á máa mì nínú ihò rẹ̀, irin tí wọ́n fi di àtijọ́ ni kẹ́ ẹ tú kẹ́ ẹ fi di tuntun. 240GB tàbí 256GB tó fún iṣẹ́ tẹ́ ẹ sọ. Ẹ máà jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ta M.2, SSD pẹlẹbẹ tí kò ní àpótí, fún yín láìtíì ṣí ẹ̀yìn láptọ́ọ̀pù wò: M.2 SATA àti M.2 NVMe jọra lójú, ihò tó gba ọ̀kan lè má gba èkejì.

RAM: i5-6200U ń gba DDR4, ó sì ń gba DDR3L, ẹni tó ṣe láptọ́ọ̀pù ló yan èyí tó wà nínú tiyín. DDR3L ní ẹsẹ̀ 204, DDR4 ní 260, ọ̀kan ò wọ ihò èkejì. Ẹ fi CPU-Z wò ó kẹ́ ẹ tó lọ sọ́jà, abẹ́ SPD ni. Task Manager náà á sọ Slots used fún yín, 1 of 2 túmọ̀ sí pé ihò kan ṣì ṣófo. Ẹ fi 4GB kún un, tàbí 8GB bó bá ṣeé ṣe.

SSD àti fúláàṣì ayédèrú pọ̀ o. Èyí tí wọ́n kọ 1TB sí lára tó jẹ́ 32GB nínú á gba fáìlì yín dáadáa, ọjọ́ tẹ́ ẹ bá fẹ́ ṣí i lẹ ó mọ̀. Ẹ fi H2testw kọ nǹkan kún un tán, kó sì kà á padà, kẹ́ ẹ tó kúrò lọ́dọ̀ ẹni tó tà á, tàbí kẹ́ ẹ bá a ṣe àdéhùn pé ẹ lè dá a padà lọ́jọ́ kejì.

Akẹ́kọ̀ọ́_Ọ̀yẹ́

Windows 11 tí wọ́n ní kí wọ́n fi sí i ńkọ́? Mo mọ̀ pé Rufus lè fi sí i.

Ọ̀gá_Sukudiráfà (Ìkẹ́rẹ́)

Rufus lè yọ ìdènà yẹn, òótọ́ ni. i5-6200U jẹ́ ìran kẹfà, ìran kẹjọ ni Microsoft ní kí Intel ti bẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú TPM 2.0 àti Secure Boot, ohun ààbò méjì inú kọ̀ǹpútà. Á ṣiṣẹ́. Àmọ́ Microsoft ò ṣèlérí ọ́pídéètì fún un, ẹ̀dà tuntun ọdọọdún kì í sì í wá fúnra rẹ̀, ẹ ó máa tún Rufus gbé ni. Fún kọ̀ǹpútà tí ìbéèrè ìdánwò wà lórí rẹ̀, mi ò ní gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn bẹ́ẹ̀.

Windows 10 ní tirẹ̀, ìtìlẹ́yìn rẹ̀ parí ní 14 October 2025. Ẹni tó bá forúkọ sílẹ̀ fún ESU, ètò Microsoft tó fi kún ìgbà ọ́pídéètì, ń gba ọ́pídéètì ààbò títí di 13 October 2026, bí Windows 10 rẹ̀ bá jẹ́ 22H2.

Ìyá_Linux (Ìjerò)

Ọ̀gá, ẹ ò dárúkọ èyí tó tọ́ sí i. Linux Mint Xfce, ẹ̀dà Mint tó fúyẹ́, RAM 4GB gbé e láìlàágùn, Mint 22 sì ní ìtìlẹ́yìn títí di 2029. LibreOffice tó wà lórí rẹ̀ ń ṣí docx àti xlsx, fáìlì Word àti Excel.

Ọ̀gá_Sukudiráfà (Ìkẹ́rẹ́)

Ó ń ṣí i, àmọ́ ìbéèrè ìdánwò tí wọ́n fi tébù àti àpótí ọ̀rọ̀ tò nínú Word lè tú ká. Macro Excel náà, ọ̀pọ̀ rẹ̀ ò ní ṣiṣẹ́. Àwọn ètò ìgbáradì JAMB tó jẹ́ .exe ńkọ́?

Ìyá_Linux (Ìjerò)

.exe yẹn, mo gbà. Ti Word, kí wọ́n gbìyànjú fáìlì mẹ́wàá nínú tiwọn láti orí fúláàṣì Mint tí wọ́n ti ní lọ́wọ́ kí wọ́n tó pinnu. LibreOffice wà lórí rẹ̀, kò ná wọn ní nǹkan kan. Ẹni tó bá sì fẹ́ kọ Yorùbá pẹ̀lú àmì, kó lọ sí Keyboard, Layout, kó fi Nigeria Yoruba kún un.

Ẹ̀fọ̀n_Lókè

Ẹ má gbàgbé dátà. Bí Windows bá ti jókòó sórí SSD tuntun, ó máa fẹ́ gba gígábáìtì mélòó kan lẹ́ẹ̀kan náà. Kẹ́ ẹ tó so ó mọ́ fóònù, ẹ lọ sí Settings, Network & Internet, ẹ tẹ orúkọ Wi-Fi yẹn, ẹ tan Set as metered connection. Ẹ tún pa Delivery Optimization, kó má baà máa fi dátà yín pín ọ́pídéètì fún kọ̀ǹpútà ẹlòmíràn. Bẹ́ ẹ bá ra dátà òru, ẹ pa metered yẹn, kó gbà á tán lóru.

Ará_Òkèṣà (Adó-Ekìtì)

A ti kó fáìlì kúrò pẹ̀lú Mint, mẹ́rin péré ló kọ̀, a ní ìwé títẹ̀ wọn. SSD 256GB àti RAM ti wà nílẹ̀. Windows 10 la ó ṣì lò nítorí Excel. Ìbéèrè tó kù: ṣé a ó tún ra láísẹ́ǹsì? Bátìrì ńkọ́? Wọ́n ní ṣájà ló lè fà á.

Ọ̀gá_Sukudiráfà (Ìkẹ́rẹ́)

Láísẹ́ǹsì: rárá. Bí Windows 10 yẹn bá ti jẹ́ ojúlówó tẹ́lẹ̀, mọ́ńbọ́ọ̀dù ló so mọ́, kì í ṣe dísìkì. Bó bá béèrè kọ́kọ́rọ́, ẹ tẹ I don't have a product key, ẹ yan irú kan náà, Home sí Home, Pro sí Pro. Bó bá ti rí íntánẹ́ẹ̀tì, á mọ ara rẹ̀. Ẹ má fi àwọn ètò tó ń ṣí Windows lófo sórí rẹ̀ o, ibẹ̀ ni fáírọ́ọ̀sì tó ń jí páásíwọ̀dù ń gbà wọlé.

Bẹ́ ẹ bá fẹ́ tú ẹ̀yìn rẹ̀, ẹ yọ ṣájà, ẹ yọ wáyà bátìrì kúrò lórí mọ́ńbọ́ọ̀dù, ẹ tẹ bọ́tìnì ìtanná mọ́lẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá. Nígbà náà lẹ tó lè fọwọ́ kan RAM. Ẹ fi CR2032 tuntun sí i lójú kan náà. Bí ọyẹ́ bá ti kó eruku sínú fáànù, ẹ di fáànù mú kó má yí kẹ́ ẹ tó fẹ́ atẹ́gùn sí i.

Iná_Ò_Dúró (Ìkọ̀lé)

Bátìrì: bí Windows bá ti dé orí SSD, ẹ ṣí Command Prompt, ẹ tẹ powercfg /batteryreport. Ó máa sọ ibi tó fi battery-report.html sí, ẹ ṣí i nínú búráúsà. Ẹ fi Full charge capacity wé Design capacity. Bó bá jẹ́ 41,000mWh ni wọ́n ṣe é, tó wá ku 6,000, bátìrì ló ti tán, kò sí ṣájà tó lè jí i. Bí iye náà bá ṣì dáa tó sì ń kọ plugged in, not charging, ṣájà lẹ ó yẹ̀ wò.

Ẹ wo ẹ̀yìn ṣájà: 19.5V 3.33A jẹ́ 65W. Fólíteèjì gbọ́dọ̀ bá ti láptọ́ọ̀pù mu, A lè ju bẹ́ẹ̀ lọ, kò gbọ́dọ̀ dín. Dell àti HP kan ní abẹ́rẹ́ tín-ín-rín láàárín ẹnu ṣájà, tó ń sọ fún kọ̀ǹpútà irú ṣájà tó jẹ́. Bí abẹ́rẹ́ yẹn bá tẹ̀ tàbí já, Dell á tàn, kò ní gba iná sínú bátìrì, á sì dín iyára CPU kù. Ẹni tí kò bá wo ẹnu ṣájà á tún lọ máa wá ẹ̀bi lára Windows.

Bẹ́ ẹ bá ra bátìrì tuntun, nọ́ńbà tó wà lára àtijọ́ ni kẹ́ ẹ mú lọ sọ́jà, kì í ṣe orúkọ láptọ́ọ̀pù. Láptọ́ọ̀pù orúkọ kan náà lè ní irú bátìrì méjì.